Aṣọ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀

"Ẹyẹ kan náà ni wọ́n, aṣọ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀." Indigo Bunting àti Lazuli Bunting, ẹyẹ kéékèèké méjì ní Amẹ́ríkà, ni ọkùnrin kan létí igbó ń sọ̀rọ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, síbẹ̀ láti àárọ̀ ni gbólóhùn yẹn ti há mi lọ́fun. Mo jáde ní kùtùkùtù, mo wo ẹyẹ, mo padà wálé, mo fọ aṣọ.

Aṣọ kẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń yé ẹyin, àwọ̀ aró ni akọ Indigo Bunting látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti Lazuli mọ́ bí ojú ọ̀run lórí àti lẹ́yìn, tí àyà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tí ikùn rẹ̀ sì funfun. Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ará Sweden, ti fún Indigo ní orúkọ sáyẹ́ǹsì láti ọdún 1766. Ọdún 1823 ni Thomas Say, onímọ̀ ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, tó sọ Lazuli ní tirẹ̀. Ta ni yóò rí méjèèjì tí yóò pè wọ́n ní ọ̀kan?

Àmọ́ kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ ọ̀hún. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fọ́n ká lára rẹ̀ ló fi ń dán bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ inú ìkùukùu, Indigo tí mo ń wò di dúdú bí èédú. Kí wá ni mo ń bínú lé lórí?

Kí n má purọ́, ohun tó dùn mí ni pé èmi náà ṣì í. Mo di ojú, mo gbọ́ orin tó ń já ní méjì-méjì, mo ní Indigo nìyẹn, àfi bí ẹyẹ náà ṣe bà lé orí wáyà pẹ̀lú àyà rúsúrúsú. Ní ìpínlẹ̀ Nebraska níbí, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé, ọ̀dọ́ akọ kì í kọ́ orin lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, aládùúgbò ló ń kọ́ ọ, nítorí náà Lazuli lè máa kọ orin Indigo. Wọ́n tilẹ̀ máa ń gun ara wọn, wọ́n a bí ọmọ àdàlù. Ẹ̀dá tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 15 lọ ló kó mi sínú gbogbo ìdààmú yìí!

Ti abo ló burú jù. Méjèèjì ló rí bí ewé gbígbẹ, àfi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láyà Indigo. Mo wo ọ̀kan títí, àmì ìbéèrè ni mo kọ sínú ìwé mi. Ó fi ẹnu gbé koríko, akọ méjì ń kọrin lọ́tùn-ún lósì, ó sì wọ inú igbó lọ. N kò rí èyí tó tẹ̀lé e...