Kí onílé tó fi àgádágodo sílẹ̀kùn ayálégbé tó jẹ gbèsè

Ohun tí mo rí kọ́ nídìí bíbá àwọn onílé bójú tó ilé n'Íbàdàn ni pé onílé tó mọ àánú ṣe máa ń rí owó ẹ̀ gbà ju onílé alágídí lọ. Àmọ́ àánú tí kò ní ìwé, tí kò ní déètì, ìjà ló ń bí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti agídí kúrò ńlẹ̀. Yíyọ páànù orí ilé, fífi àgádágodo sílẹ̀kùn, gígé iná, dída ẹrù síta lójú ìyàwó àti ọmọ: òfin ò gba ìkankan láyè, bó ti wù kí gbèsè náà pọ̀ tó. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè gbé onílé lọ sí kóòtù, kí ẹni tó ń retí owó wá di ẹni tó ń san owó gbà-má-bínú. Ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ní wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí gbèsè lásán mú èèyàn. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ gùn díẹ̀. Tí àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan míì, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí nótíìsì (ìwé pé kó kó jáde) oṣù 6, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù 1. Tó bá pé, ẹ tún fún un ní ti ọjọ́ 7 pé ẹ fẹ́ gba ilé yín, kí ẹ tó forí lé kóòtù Ìyágankú. Owó lọ́yà àti wàhálà ibẹ̀ sì lè jẹ gbèsè tí ẹ fẹ́ gbà tán.

Tí owó bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, ẹ lọ bá a. Ẹ má dúró dìgbà tí inú yín á ti ru. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní kọ́rídọ̀ níbi táwọn ayálégbé yòókù gbé sítóòfù kalẹ̀, ẹ má sì rán ọmọdé sí i. Ẹ pè é wọlé: "Bàbá Ṣadé, kí ló dé?" Kí ẹ wá dákẹ́ gbọ́. Ẹni tí wọn ò tíì san owó oṣù fún, ẹni tí ọjà ò yá fún l'Álẹ́ṣinlọ́yẹ́, àti ẹni tó lọ ra ọ̀kadà tuntun nígbà tó jẹ yín lówó, ẹjọ́ wọn ò dọ́gba. Èmi máa ń wo ohun kan ju gbogbo ẹ̀ lọ: ṣé ó ń wá bá onílé kí wọ́n tó pè é? Ẹni tó bá ń wá, ó fẹ́ san.

Ká ní gbèsè jẹ́ ₦150,000. Ẹ má ní kó kó o wá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì gba "Ọlọ́run á ṣe é" lẹ́nu ẹ̀. Ẹ pín in sí ₦25,000 lóṣù fún oṣù 6, ní ọjọ́ tí owó ń wọlé fún un. Fún ọlọ́jà, ₦6,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 25 máa ń rọrùn jù. Ìwé ojú kan ti tó, Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́ tó bá yé yín jù, kí ẹ̀yin méjèèjì àti ẹlẹ́rìí kan buwọ́ lù ú.

Ìdí risíìtì ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Tí ẹ ò bá kọ "gbèsè àtẹ̀yìnwá" sí i, ayálégbé lè ní owó ọdún tuntun lòun san. Tí nótíìsì bá sì ti wà ńlẹ̀, lọ́yà ẹ̀ lè jà á pé owó tí ẹ gbà yẹn ti fagi lé e.

Bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra. Òwe náà ò kúkú ní ká má na ọmọ. Tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè é. Tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀, ẹ fún un ní nótíìsì, láìpariwo, láìbú u.

Àwọn míì ò lè san láéláé. Fún irú wọn, mo fara mọ́ ọn kí ẹ fi apá kan gbèsè náà jì wọ́n, tí wọ́n bá kó jáde lọ́jọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ẹ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jọ ka mítà iná kí ẹrù tó jáde, torí ọrùn ayálégbé tuntun ni gbèsè iná máa ń bọ́ sí.