Ẹ béèrè ibi tí yàrá yín wà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀: ohun tí odò Rhine kọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, torí láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò màmá mi sórí státọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n jókòó sí lórí ọkọ̀ ojú omi ní Jámánì, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ò jẹ́ n sinmi, èló ni, ẹ́jẹ́ńtì wo ni, ọjọ́ mélòó ni. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí pé irú ọkọ̀ wo ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rin odò Rhine, èmi àti ọkọ mi la kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn ẹ̀ ni mo mú màmá lọ. Odò kan náà ni, òkè kan náà ni, àmọ́ ìrìn àjò méjèèjì ò jọra rárá, ọkọ̀ tá a yàn ló fà á.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Cologne ló ní ká wá lákọ̀ọ́kọ́, a sì ti ń tọ́jú owó fún ọdún mẹ́ta. Ẹ́jẹ́ńtì fi àwòrán hàn wá, ọkọ̀ funfun gbọọrọ, òkè lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì, ojú wa wọ̀ ọ́. A ní kí wọ́n fún wa ní yàrá tówó ẹ̀ kéré jù, mo ní ṣebí oorun nìkan la máa sùn níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá yẹn wà, ní ìdí ọkọ̀. Fèrèsé ẹ̀ kéré, ó wà lókè nítòsí àjà, kò sì ṣeé ṣí torí omi ò jìnnà sí i, tó o bá nàró, déédéé àyà ẹ ni omi wà níta. Ẹ́ńjìnnì wá ń kùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa mọ́jú. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún bàbá kan tó ti ń wa ọkọ̀ tipẹ́ ní jẹ́tì wa, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́! Ìgbà tó o bá wọkọ̀ níbí, ṣé ìdí ẹ́ńjìnnì lo máa ń sáré jókòó sí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni, ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ni mo gbàgbé nígbà tí mo rí àwòrán.

Nǹkan míì tẹ́nì kankan ò sọ fún wa ni pé tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ìlú tí èrò pọ̀ sí, wọ́n máa ń so ọkọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe ń so ọkọ̀ àwọn apẹja pọ̀ létí omi níbí, èrò ọkọ̀ kan á sì gba inú èkejì kọjá sórí ilẹ̀. Ẹni tó sanwó ńlá torí bálíkónì á fa kọ́tìnì láàárọ̀, ògiri ọkọ̀ ẹlòmíì ló máa rí. Torí náà ẹ má ná gbogbo owó yín sórí bálíkónì. Èyí tí wọ́n ń pè ní French balcony gan-an, ẹ ò lè gbé àga síbẹ̀ o, ilẹ̀kùn gíláàsì tó ṣeé ṣí ni, wọ́n kàn fi irin dínà iwájú ẹ̀ kéèyàn má ṣubú.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ kẹrin. Láàárín ìlú Rüdesheim àti ìlú Koblenz, nǹkan bíi kìlómítà 65, odò yẹn gba àárín òkè kọjá, ọgbà àjàrà wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ilé olódi àtijọ́ tò lọ ràì lápá méjèèjì, ibẹ̀ ni àjọ UNESCO fi sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2002, torí ẹ̀ lèèyàn ṣe ń lọ. Àwa ò rí i. Wọ́n ti fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ wo ìlú kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ wá ń bọ̀ láìsí wa nínú ẹ̀, Koblenz la ti pàdé ẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa o, ìlà kan péré, kò sẹ́ni tó là á yé wa pé tá a bá wọ bọ́ọ̀sì yẹn a ti pàdánù ibi tá a tìtorí ẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà tó wá kan màmá, mo ti pinnu. Màmá ta ẹja lọ́jà Olúwo láti ìgbà tí mi ò tíì bọ́ sáyé, gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi wo omi, àmọ́ ojú ẹni tó ń retí ọkọ̀ apẹja ni wọ́n fi ń wò ó, wọn ò jókòó wò ó fún ìgbádùn rí. Orúnkún wọn ò sì dáa mọ́. Mo ní àfi kí n bi àwọn ẹ́jẹ́ńtì tó ń ta ìrìn àjò yẹn léèrè títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu mi.

Mo bi wọ́n ní ti lífítì. Wọ́n ní ó wà. Mo ní ó dé ibo? Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé kò dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sì dé òrùlé ọkọ̀ níbi táwọn èèyàn ti ń jókòó wòran. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí odò ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí "ó ní lífítì" tàn yín. A wá ọkọ̀ míì tó ní àga elétíríìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tó ń gbé àgbàlagbà dé òkè, a gba yàrá ní ìpele àárín, láàárín ọkọ̀ gan-an, kò sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, kò sì sí níwájú níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí imú ọkọ̀ ti ń pariwo tí wọ́n bá fẹ́ gúnlẹ̀ lóru. Owó ẹ̀ ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, a wá yọ bálíkónì kúrò fi dí i.

Ẹ má da ara yín láàmú lórí pé ọkọ̀ wo ló tóbi jù. Àwọn tó gùn jù lọ́nà ibẹ̀ ò ju bíi mítà 135, fífẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ò sì ju mítà 11 àti díẹ̀, torí àwọn lock tó wà lórí odò Main àti ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láti so ó mọ́ odò Danube, níbi tí wọ́n ti ń fi ilẹ̀kùn irin sé omi láti gbé ọkọ̀ sókè, mítà 12 ni wọ́n fẹ̀. Ara wọn jọra. Ohun tó yàtọ̀ ni iye èrò tí wọ́n kó sínú ẹ̀. Ọkọ̀ tó gùn bákan náà, ọ̀kan lè kó 190, òmíì lè kó 130, ẹ ti mọ èyí tẹ́ ẹ máa rí àga jókòó sí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ rèé: ẹ yan ọkọ̀ tó ń dojú kọ ìṣàn omi níbi tó rẹwà yẹn, ìyẹn èyí tó ń ti Amsterdam ní Netherlands lọ sí Basel ní Switzerland. Omi Rhine yára gan, ọkọ̀ tó bá bá omi lọ á sáré kọjá ni, èyí tó ń tako omi á máa rọra lọ, ẹ máa rí gbogbo ẹ̀ dáadáa. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ wákàtí tí wọ́n máa kọjá ibẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ojúmọmọ ni, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé inú ọkọ̀ lẹ máa wà. Pátákó tí wọ́n kọ nọ́ńbà kìlómítà sí wà létí odò. Láti nǹkan bíi 590 ní Koblenz ló ń wálẹ̀ dé 530 tẹ́ ẹ bá ń lọ sókè odò, kẹ́ ẹ má kúrò níta láàárín ìyẹn. Àpáta kan tó lókìkí níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lorelei, tó ga tó mítà 132, ẹ máa rí i ní nǹkan bíi 554.

Màmá di ìborùn méjì mọ́ra, súwẹ́tà lábẹ́, wọn ò kúrò lórí òrùlé ọkọ̀ láti ìgbà tá a ti jẹun àárọ̀ tán. Wọ́n ń ka pátákó sókè bíi pé ẹja ni wọ́n ń kà fún oníbàárà. Nígbà tá a dé ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kaub tí màmá rí ilé olódi tó dúró láàárín omi, tí ìdí ẹ̀ gùn ṣóńṣó bí imú ọkọ̀, wọ́n ní níbo ni onílé ń gbà wọlé, mo ní ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ. Wọ́n ní, "Àwọn náà mà dà bíi tiwa."

Kaub yẹn náà ni wọ́n ti ń wọn bí omi ṣe jìn tó. Àwa tí omi ń fà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 2018 àti 2022 omi Rhine fà débi pé ọ̀pọ̀ èrò ló bá ara wọn nínú bọ́ọ̀sì. Ìparí ìgbà ooru wọn sí oṣù kẹwàá ló máa ń burú jù. Tí yìnyín bá sì yọ́ nígbà ìrúwé, omi lè kún tí ọkọ̀ ò ní lè gba abẹ́ afárá. Oṣù karùn-ún la mú màmá lọ. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: tí omi bá fà, kí lẹ máa ṣe fún wa? Àwọn kan ní ọkọ̀ kejì lápá kejì ibi tó gbẹ, wọ́n á kàn kó yín sínú ẹ̀, àwọn míì á fi bọ́ọ̀sì gbé yín kiri ni. Ẹ bi wọ́n bóyá owó ìrìn kiri ìlú àti owó ọpẹ́ (tip) táwọn èrò máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ẹ̀, kó má di pé ẹ tún ń kó yúrò sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Danube ni màmá ń sọ báyìí. Èmi ti ń wò ó, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ìlú Budapest ní Hungary lọ sísàlẹ̀ máa ń wọ Serbia, Serbia ò sì sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo ń gbéni wọ, tẹ́ ẹ bá fi físà tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan péré wọ ọkọ̀ yẹn, ẹ ò ní lè padà wọlé. Èyí tó ṣeé wọlé léraléra ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì ti fi ìwé ìrìn ọkọ̀ yẹn hàn àwọn tó ń fúnni ní físà nígbà tẹ́ ẹ bá ń béèrè ẹ̀. Àbúrò mi ló ń bá wa wá ọkọ̀ lọ́wọ́, mo ti ní kó kọ́kọ́ bi àwọn ọlọ́kọ̀ ibi tí lífítì wọn dé.