Ọjọ́ Tí Mo Fi Dírílì Ro Àmàlà

Bí ẹ bá wọ kíṣìnì wa ní Òkè-Báálẹ̀, tí ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí i pé àmì dúdú kárí àjà ibẹ̀ bí ara ẹkùn. Àlejò máa ń rò pé òjò ló ń jò. N kì í já wọn ní koro. Àmàlà ni.

Ìyàwó mi ló yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ́, oníṣègùn egungun ní kò gbọdọ̀ fi gbé nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sátidé tó tẹ̀ lé e gan-an ni ìpàdé ẹgbẹ́ wọn kan ilé wa, obìnrin 14, àmàlà ni wọ́n sì ti ń pe orúkọ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ìyá ìyàwó mi wá láti Ìkìrun kí wọ́n lè bá wa ṣètò, ṣùgbọ́n Ìyá ti lé ní 70 ọdún. Ìkòkò tó máa yó èèyàn 14, ta ni yóò gbé e síwájú àgbàlagbà pé kí wọ́n máa rò ó?

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ohun tí mi ò sọ ni pé mi ò ro àmàlà rí láyé mi. Dírílì ni mo ní. Tòkunbọ̀ ni, ó wúwo dáadáa, ẹnu rẹ̀ ń gba irin tó nípọn tó 13 mm. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, ihò mẹ́ta péré ni mo fi lu: méjì fún kọ́tìnnì, ìkẹta bọ́ sínú páìpù omi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo ki ìjábẹ̀ bọ ẹnu dírílì, mo tì í bọ inú ewédú. Kí n tó ka ení, èjì, ewédú ti kúnná, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Lóòótọ́, igi ìjábẹ̀ méjì já sínú rẹ̀, a sì rí ọ̀kan. Ta ni kò tíì bá igi ìjábẹ̀ pàdé nínú ewédú rí?

Ìyá wò mí títí. "Bàbá Àyọ̀, ta ló kọ́ yín ní eléyìí?"

"Ọpọlọ ni, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Irú "ẹ̀n-ẹ́n" tí ìyá ìyàwó ń ṣe yẹn, ẹni tó bá gbọ́n, ibẹ̀ ló yẹ kó ti sinmi.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ra ọmọrógùn tuntun ní ọjà Ìgbọ̀nà, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ kó lè wọ ẹnu dírílì. Wẹ́dà tó wà ní ilé kejì yọjú lórí fẹ́ǹsì. Ó kọ́kọ́ rò pé ère ni mò ń gbẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, dírílì yẹn ń yí tó ìgbà 2,800 láàárín ìṣẹ́jú kan. Irin tó tọ́ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe igi pẹlẹbẹ. Bí igi yẹn bá há sínú àmàlà tí kò lè yí mọ́, dírílì fúnra rẹ̀ ló máa yí, ọrùn ọwọ́ yín ló máa gbà á. Bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ńkọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ọ̀hún, dírílì á máa yí lọ bí ẹ tilẹ̀ mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Èmi tí mo ní èlùbọ́ láti dà, olùrànlọ́wọ́ ni mo ka bọ́tìnnì yẹn sí. Mo tún ṣe ìṣirò mi: 2,800 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó lé ní ìgbà 46 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Obìnrin wo ní gbogbo Òṣogbo ló lè rò bẹ́ẹ̀? Kókó wo ni yóò yè é?

Omi hó. Mo gbé ìkòkò kúrò lórí iná sílẹ̀ nílẹ̀, mo ti ọmọrógùn bọ̀ ọ́, mo tẹ dírílì, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn, mo ń fi ọwọ́ òsì da èlùbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò bá rí mi! Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì, mo rí i pé orí rẹ̀ ń wú. Bí àmàlà ṣe wá ń le ni dírílì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ọmọrógùn há. Ohun tí wẹ́dà wí ṣẹ lójú ẹsẹ̀: dírílì lọ́ mi lọ́wọ́ kẹ̀ẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi dún kọ́ọ́, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí síméńtì bí òkòtó.

Iná bá lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì yẹ kí n dúpẹ́. Mo fi ọmọrógùn sílẹ̀ nínú àmàlà, mo fi dírílì gbé ara ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo jáde lọ kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ tó ti ń dé. Mi ò yọ wáyà lára ògiri. Mi ò rántí bọ́tìnnì.

Òṣogbo wa níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló ń tan ti àdúgbò wa. Síbẹ̀, títí di òní, nígbàkúùgbà tí mo bá rántí wọn, ńṣe ni ọrùn ọwọ́ mi máa ń ta mí.

Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ fún alága ẹgbẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ kígbe: "Áàpù NẸPÁ!" Ohun tó tẹ̀ lé e, láti inú kíṣìnì, gbà-gbà-gbà-gbà.

Mo sáré wọlé. Dírílì ti ṣubú, ó ń jà ràpàràpà nílẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú, ọmọrógùn ń gbọ́n àmàlà gbígbóná sí ọ̀run àti ayé. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni súwìṣì wà. Mo gbé ìdérí ìkòkò bojú bí apata, mo ń fà sẹ́yìn fà síwájú. Ẹni tó bá rí mi á rò pé ogun Òṣogbo ti nǹkan bí 1840 ni kò tíì parí. Òkúta àmàlà kan bà mí níwájú orí. Alága tó ní kí òun yọjú wò ó, òmíràn lẹ̀ mọ́ gèlè wọn. Ìyàwó mi ń pariwo, "Bàbá Àyọ̀, ẹ jáde níbẹ̀!" Èmi náà ń pariwo, ṣùgbọ́n mi ò rántí ohun tí mò ń wí.

Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá ló rọra jáde lọ síwájú ilé, tí wọ́n pa méènì súwìṣì. Wọ́n padà wọlé, wọ́n wo àjà, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo iwájú orí mi.

"Ó kúnná o," ni Ìyá wí. "Kò sí kókó."

Búrẹ́dì ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ fi jẹ ewédú lọ́jọ́ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ọrùn ọwọ́ mi ti wú bí ẹni gbé ìyá-iṣu sí i, ó di ọ̀dọ̀ oníṣègùn egungun kan náà. Ó béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní mo ṣubú ni.

Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Inú àmàlà ni wọ́n ṣubú sí."

Nígbà tí ìpàdé tún máa kan ilé wa, alága pe ìyàwó mi lórí fóònù láti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní kó má ṣe wàhálà kankan, àwọn máa gbé gàrí àti ẹ̀pà dání. Kó sáà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé omi tútù nìkan ni àwọn fẹ́, àwọn á sì fi ọwọ́ ara àwọn rò ó.