Ẹ̀dọ̀fóró Kò Ní Ahọ́n

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fáìlì fíléfọ̀ lé lọ́wọ́, nọ́ńbà kan ló kọ́kọ́ dójú tì mí nídìí iṣẹ́ yìí. Ọdún àkọ́kọ́ mi nìyẹn ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Àbújá, tó máa ń bá àwọn oníléeṣẹ́ oúnjẹ to ìwé wọn jọ kí wọ́n tó gbé e lọ sí NAFDAC ní Wuse Zone 7. Fíléfọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n: ohun olóòórùn dídùn tí wọ́n ń kán sínú oúnjẹ kó lè dà bí èso, bí bọ́tà, tàbí bí ẹran sísun. Iṣẹ́ mi ni kí n tú ohun tó wà nínú ìgò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó léwu tàbí kò léwu. Ti fànílà ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo kọ vanillin, mo kọ 121-33-5, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kẹ́míkà náà mọ̀, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọ “kò léwu”, mo palẹ̀ mọ́, mo gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi ní kí n wá. Ó ti tẹ́ ìwé tí ẹni tó kó fíléfọ̀ náà wọ̀lú fún wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ní, “Ka nọ́ńbà ibí yìí sí mi létí.”

Mo kà á: 121-32-4.

“Tìrẹ ńkọ́?”

121-33-5.

“Ó dáa. Ta ni 121-32-4?”

Mo pa lọ́lọ́.

“Ethyl vanillin ni. Táyé lo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Kẹ́hìndé ló wà nínú ìgò.”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ọmọ tó máa mu ún ni.”

Ìyẹ̀fun funfun ni àwọn méjèèjì, òórùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àfi pé ti ethyl vanillin mú ju ti ìkejì lọ. JECFA, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí FAO àti WHO, àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé, jọ gbé kalẹ̀, tó ti ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ báyìí láti 1956, ti sọ iye tí ènìyàn lè máa jẹ nínú wọn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Mílígíráàmù 10 fún kílò ara kan ni ti vanillin. Ti ethyl vanillin, 3 péré ni. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fi ìka tẹ nọ́ńbà tí mo bá ń kà á, bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé 10 sí 3 kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ gba ìbáwí, ẹ jẹ́ ká dé Kubwa. Àlájà kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìlọrin, tó ń ta kunu àti sóbò. Oṣù kẹta ni mo lọ bá a, nígbà tí oòrùn Àbújá máa ń ranjú mọ́ni bí ẹni tí a jẹ lówó. Ọmọrí ìgò ló fi ń wọn fíléfọ̀: ọmọrí méjì fún ike oní-lítà 20. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé irú àwọn ìyá báyìí kàn ń dà á ni, mo sì ti múra ìwàásù mi sílẹ̀. Mo tọrọ ọmọrí náà, mo rọ omi kún un, mo fi sìríǹjì fà á jáde. Mílílítà 7. Ọmọrí méjì jẹ́ 14. Bí a bá pín in sí lítà 20, mílílítà 0.7 ló bọ́ sí lítà kan. Ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò ni mílílítà kan fún lítà kan. Àlájà kò tilẹ̀ dé ibẹ̀! Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

“Ta ni ì bá kọ́ mi? Tó bá ti pọ̀, á korò. Wọ́n á ní mo da pafúùmù sí i, wọn ò ní padà wá mọ́.”

Mo gbé ìwàásù mi padà sápò. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ojú ìwé púpọ̀ ṣàlàyé ni obìnrin yìí sọ lẹ́ẹ̀kan: nínú oúnjẹ, fíléfọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dá ara rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́. Ahọ́n ni oníbodè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, mo máa padà sí i.

Ìṣirò wá kù. Ká ní mílígíráàmù 50 fànílà wà nínú mílílítà kan fíléfọ̀ yẹn. 35 á wà nínú lítà kan sóbò, 17.5 á wà nínú ike kan tí kò ju ìlàjì lítà lọ. Ọmọ tó wọn kílò 15 lè gba 150 lójúmọ́ bó bá jẹ́ vanillin. Ó máa mu ju ike mẹ́jọ lọ kó tó kọjá ààlà. Bó bá jẹ́ Kẹ́hìndé ńkọ́? 45 ni ààlà tirẹ̀. Ike kẹta ti rékọjá. Ọmọ tó ń mu ike mẹ́ta nínú ooru Kubwa kò ṣọ̀wọ́n, mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ńṣì Àlájà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí lọ kọ nǹkan sórí WhatsApp. Òdiwọ̀n gbogbo ọjọ́ ayé ni; wọ́n sábà máa ń wo iye tí kò ṣe eku ní láàbù ní nǹkan kan, wọ́n á pín in sọ́nà 100, kí wọ́n tó fún ènìyàn. Ọjọ́ kan kò ní gbé ọmọ ṣubú. Àmọ́ bó bá di ojoojúmọ́, ẹni tó kọ nọ́ńbà tí kì í ṣe òótọ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ máa rí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ṣírò iye tí ènìyàn ń jẹ nínú ìwé: wọ́n á mú gbogbo fíléfọ̀ kan tí wọ́n ṣe lọ́dún ní orílẹ̀-èdè kan, wọ́n á gbà pé ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ènìyàn ibẹ̀ ló jẹ ẹ́ tán, wọ́n á pín in fún wọn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ fún ìlú tó ń ka ọjà rẹ̀. Ta ló ka iye ìgò tó wọ ọjà Utako lọ́dún? Níbi tiwa, ẹ wọn ọmọrí.

Fún kẹ́míkà tí ẹnì kan kò tíì yẹ̀ wò dójú àmì, wọ́n máa ń wo bí a ṣe so ó pọ̀, wọ́n á sì fi í sí ọ̀kan nínú ìsọ̀rí mẹ́ta tí Cramer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là kalẹ̀ ní 1978. Èyí tó rọrùn fún ara láti tú palẹ̀ ní ààlà máíkírógíráàmù 1800 fún ènìyàn kan lójúmọ́, tàárín ní 540, èyí tó ń mú ni fura ní 90. Bó bá jọ ohun tó lè ba àbùdá jẹ́, 0.15 ni. Ẹ há nọ́ńbà mẹ́rin yìí sórí. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé oúnjẹ tí ènìyàn ń gbé mì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Àlájà pamọ́. Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ diacetyl, òun ló ń mú bọ́tà rùn bíi bọ́tà. Ó wà nínú bọ́tà gidi, ó wà nínú bíà, àwọn ènìyàn sì ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́ láìsí ìṣòro. Ní ọdún 2000, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà fi tó ìjọba létí pé ènìyàn mẹ́jọ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ gúgúrú kan ní ìlú Jasper ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń di àwọn ihò kéékèèké tí èémí ń gbà. Gúgúrú lásán! Wọn kò jẹ ẹ́ yó o, ooru fíléfọ̀ tó ń gòkè láti inú ìkòkò ńlá ni wọ́n ń fà símú. Ohun tó gba ọ̀fun lọ sí ikùn wọ́ọ́rọ́, nígbà tó gba imú lọ, ó jóná mọ́ ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sá lọ bá pentanedione tó jọ ọ́. Eku tó fà á símú kò bọ́ lọ́wọ́ ohun kan náà. Ní 2016, NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí diacetyl má ju 5 lọ nínú bílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́.

Ẹ̀dọ̀fóró kò ní ahọ́n. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó ti korò. Kò sì ní ẹ̀dọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbà á, kó tú u palẹ̀ kó tó kan ẹ̀jẹ̀ yòókù.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní yunifásítì wà ní Kánádà báyìí, níbi tí òfin ti fàyè gba igbó láti oṣù kẹwàá 2018. (Níbí, ẹ mọ̀ pé NDLEA kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà.) Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ilé iṣẹ́ tó wà ń da òórùn ọsàn àti ti òdòdó sínú òróró igbó tí wọ́n ń fà nínú ẹ̀rọ: limonene, linalool, myrcene. Ọ̀gá rẹ̀ ní gbogbo wọn ló wà nínú ìwé FEMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fíléfọ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ní kò léwu, kí ló tún kù? Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá yẹn ti ṣe ohun tí èmi ṣe lọ́dún àkọ́kọ́. Oúnjẹ nìkan ni ìwé FEMA wà fún. FEMA fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé òun kò wo ohun tí ènìyàn ń fà símú. Ooru náà tún máa ń yí kẹ́míkà padà: ní 2017, àwọn onímọ̀ Portland State University gbé irú òórùn igbó yìí sórí irin gbígbóná bí àwọn tó ń fà á ṣe ń ṣe, wọ́n sì rí benzene àti methacrolein tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sọ ti 2019 fún un pẹ̀lú. Àwọn tó ń ta òróró igbó lábẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi vitamin E acetate là á, ohun tó wà nínú ìpara àti nínú oògùn tí àwọn ènìyàn ń gbé mì. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2020, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti gbé 2,807 ènìyàn dé ọsibítù tàbí ti pa wọ́n, 68 nínú wọn ló kú. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, “Á, kí ni kí n wá kọ báyìí?” Mo ní kó kọ ohun tó mọ̀: bó bá jẹ́ bisikíìtì, bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ èémí, kò sẹ́ni tó tíì wò ó.

Ti fíléfọ̀ tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kò gba ariwo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló máa ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ bíi tiyín. Oníbàárà á ní, ṣebí ènìyàn ń jẹ ẹ́, kí ló fẹ́ fi adìyẹ ṣe? Adìyẹ oníkílò méjì lè jẹ gíráàmù 150 fíìdì lójúmọ́. Ènìyàn oníkílò 60 tó bá fẹ́ jẹun báyẹn á jẹ kílò mẹ́rin ààbọ̀. Adìyẹ kì í sì í pààrọ̀ oúnjẹ. Ohun tí ẹ bá pò fún un lónìí náà ni tọ̀la. A óò jẹ ẹyin rẹ̀. Ẹni tó ń da ìyẹ̀fun náà sínú ẹ̀rọ láìbo imú ńkọ́? Ẹ rántí gúgúrú.

Ológbò tún wá lè dá yín lágara. Propylene glycol ni wọ́n fi ń la ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíléfọ̀, òun ló pọ̀ jù nínú ìgò Àlájà pàápàá. Ènìyàn ń mu ún, ajá ń jẹ ẹ́. Láti 1996 ni wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ sí nínú oúnjẹ ológbò ní Amẹ́ríkà, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ohun tó la fíléfọ̀, ẹ má wo fíléfọ̀ nìkan.

Àti ọ̀rọ̀ “natural”, ìyẹn “ti ẹ̀dá”, tí gbogbo wọn ń kọ sí ara páálí. Inú gbòǹgbò igi ni safrole ti ń wá, Amẹ́ríkà sì fòfin dè é ní 1960. Myrcene tí wọ́n ṣe ní láàbù ni wọ́n yọ kúrò nínú ìwé ohun tí òfin Amẹ́ríkà gbà láyè nínú oúnjẹ ní oṣù kẹwàá 2018, nítorí òfin 1958 kan ní ohunkóhun tó bá fún ẹranko ní jẹjẹrẹ, iye yòówù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ wọ oúnjẹ. FDA, àjọ oúnjẹ àti oògùn Amẹ́ríkà, tó yọ ọ́ tún sọ lẹ́nu kan náà pé iye tó wà nínú oúnjẹ kò lè pa ènìyàn lára. Èyí tó wà nínú máńgòrò àti koríko ọba, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn, ẹ má mú un mọ́ ọ̀rọ̀ ewu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ya ọ̀dọ̀ Àlájà. Ó ti ra fíléfọ̀ mìíràn, ó ní ti àtijọ́ ti wọ́n. Mo yí ìgò náà po, mo tún un yí. Àwòrán ọ̀pẹ̀-òyìnbó nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sí nọ́ńbà, kò sí iye tí ènìyàn máa fi sí lítà kan.

“Ọmọ mi, ṣé eléyìí ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan?”

“Àlájà, mi ò tíì mọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n gbé e dání.”

Ó kó ìgò náà sí ọ̀rá fún mi. Ó tún bu sóbò tí kò tíì kán nǹkan sí fún mi, ata ilẹ̀ Kàdúná àti kánáfùrù nìkan ló fi sè é. Ó tutù, ó ta díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Eugenol ló wà nínú kánáfùrù, mílígíráàmù 2.5 fún kílò ara kan ni JECFA fi í sí. Mo ti mu ike méjì tán kí n tó rántí pé mi ò bi í léèrè bó ṣe fi sí i tó.