Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti múná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá píọ́ wọ́tà tún yọnu lónìí. Omi ń jò létí gbogbo ọ̀rá, ilẹ̀ tutù rinrin, mọ́tò tó fẹ́ kó ọjà lọ sí Táákì ń fọn fèrè níta. Bọ̀dá tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe súpáfáísọ̀ ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀rọ náà. Ó tọwọ́ bàpò, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni." Ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀! Wákàtí mẹ́ta gbáko la fi jókòó.

Àǹtí tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe ló padà yanjú ẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti rọra ń sọ ọ́ pé, "Ó jọ pé wáyà tó ń gbóná yẹn ló já, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tú u wò ná kó lè dá mi lójú." Gbólóhùn ìparí yẹn ló ṣàkóbá fún un. Ta ló fẹ́ gbọ́ "ó jọ pé" nígbà tí mọ́tò ń fọn fèrè?

Mi ò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíì. Lóṣù tó kọjá tí ọ̀gá àgbà bi mí pé ta ni ká fi ṣe olórí, orúkọ Bọ̀dá ni mo dá. Ìwé àkọsílẹ̀ tó fi ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe hàn wà lórí tábìlì mi, mi ò ṣí i. Ohùn ọkùnrin náà ló ń dún létí mi.

Ní 2012, Cameron Anderson ti Yunifásítì California ní Berkeley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí irú wa. Wọ́n ní káwọn èèyàn méjì-méjì jọ tọ́ka ibi táwọn ìlú wà lórí máàpù tí kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ẹni tó rò pé òun mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ ni ẹnìkejì ń fojú ńlá wò. Irú wọn ló ń sọ̀rọ̀ jù, ara wọn a balẹ̀, ohùn wọn kì í gbọ̀n. Wọn ò sì parọ́ o, wọ́n gba ara wọn gbọ́ ni. Mo rántí ojú Bọ̀dá láàárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn dá a lójú.

Nígbà tá à ń ti géètì, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àǹtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gírísì ṣì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kọjú sí Bọ̀dá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí sí èyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kékeré nìyẹn."