Ìṣirò owó wáyà nínú ilé àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ iná, ilé àtijọ́ la fi ń mọ ẹni tó mọ ìṣirò. Púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n ń pè wá sí ní Ìtókò àti Aké, l’Abẹ́òkúta wa níbí, amọ̀ ni ògiri wọn, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ní kí ẹ gbẹ́ ẹ láti ri páìpù mọ́ ọn, gbogbo ojú ògiri á ya lulẹ̀, owó bíríkìlà á sì gorí owó yín. Tránkíìnì, ìyẹn páìpù oníke onígun mẹ́rin tí a ń kàn mọ́ ojú ògiri láti kó wáyà sí, ni mo máa ń yàn nírú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ má dá iye kankan kí ẹ tó gun àjà. Ìyá kan ní Ìtókò sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni kí o bá mi pààrọ̀.” Mo tú ọ̀kan, mo fa wáyà inú rẹ̀ síta. Rọ́bà ara rẹ̀ ti gbẹ, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń rún bí èkuru. Mo gbé e sí màmá lọ́wọ́. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣírò gbogbo ilé.”

Ti hítà omi ló ń tan àwọn onílé jẹ jù, torí owó hítà nìkan ni wọ́n ń rò. Hítà wáàtì 3000 lórí fóltì 230 ń fa áńpù 13. Èyí tó ń gbé omi gbóná lójú ẹsẹ̀, tó jẹ́ wáàtì 5500, ń fa bíi áńpù 24. Ẹ ò gbọdọ̀ so irú ìyẹn mọ́ wáyà 2.5 (ìwọ̀n wáyà ní mm²) tó ń gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, 4 tàbí 6, láti bọ́ọ̀dù tí iná ti ń pín káàkiri ilé, pẹ̀lú bírékà àti súìṣì tirẹ̀, kí ẹ sì fi owó púlọ́ńbà kún un. Bí owó onílé ò bá tó, kí wọ́n ṣì fi hítà sílẹ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹ fa wáyà rẹ̀ báyìí.

Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà àti ọ̀pá tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ni mi ò jẹ́ gbà kí onílé yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní in rárá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí ẹni tó ń wẹ̀ wà. Orí àpáta nìlú wa wà: ọ̀pá lè má wọlẹ̀ dé ìdajì kó tó kan òkúta. Ẹ ti ṣírò owó ọ̀pá kejì àti ti ẹni tó máa gbẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ fi ọ̀bẹ họ wáyà kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ẹ dá a padà.

Èmi máa ń fi ìdá kan nínú márùn-ún kún àpapọ̀ owó náà fún ohun tó bá yọjú lẹ́yìn àjà, mo sì ń sọ ọ́ fún onílé tààrà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n lè mú ilé ìdáná àti balùwẹ̀ ṣáájú. Ẹ kọ déètì sórí ìwé náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí iye yẹn máa dópin, torí owó wáyà kì í dúró sójú kan.