Python ti kọ orúkọ module sílẹ̀ kó tó ka fáìlì rẹ̀

Bí o bá kọ import owo nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láti pe module owo (ìyẹn fáìlì kóòdù) wọlé, kì í ṣe fáìlì owo.py ni Python kọ́kọ́ ń wá. Inú sys.modules ló máa ń wò, ìyẹn dict (àkójọ orúkọ àti ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún) tó to orúkọ gbogbo module tó ti wọlé. Tó bá bá owo níbẹ̀, èyí tó bá ló máa gbé fún ọ. Kò ní ka fáìlì náà mọ́, bí o tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kọ tán. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe kì í fi í hàn nínú Jupyter, níbi tí a ti ń ṣe kóòdù díẹ̀díẹ̀, títí o ó fi lo importlib.reload tàbí tún kernel (Python tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀) bẹ̀rẹ̀.

Tí kò bá sí níbẹ̀, ó kan àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá module kiri nínú sys.meta_path: BuiltinImporter àti FrozenImporter, tí wọ́n ń wá module tó wà nínú Python fúnra rẹ̀, lẹ́yìn wọn PathFinder, tó ń yẹ àwọn fódà inú sys.path wò ní ẹsẹẹsẹ. Fódà tí fáìlì tí o fi bẹ̀rẹ̀ ètò wà ló máa ń ṣíwájú. Tí o bá sọ fáìlì rẹ ní random.py, tìrẹ ni Python máa kọ́kọ́ rí, randint, function inú random ti Python gan-an, yóò sì di àwátì. Tẹ random.__file__ jáde, wàá rí ibi tó ti wá.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣe kókó jù. Python á dá module òfìfo, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú sys.modules, ìgbà náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kóòdù fáìlì náà láti ìlà àkọ́kọ́. Ó bọ́gbọ́n mu gan-an: ká ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni, tí owo bá pe onibara, tí onibara náà pe owo, wọn ì bá máa pe ara wọn títí RecursionError á fi dá wọn dúró. Àmọ́ owo tí onibara bá níbẹ̀ kò tíì pé. Tó bá kọ from owo import san nígbà tí Python kò tíì dé ìlà def san, ImportError ló máa rí: cannot import name 'san' from partially initialized module 'owo'. Má wulẹ̀ máa gbé ìlà import sókè sódò. Kó ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò sínú fáìlì kẹta. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kọ import owo, kí o sì lo owo.san nínú function nìkan. Tí wọ́n bá fi máa pe function náà, owo á ti pé.

Orúkọ ni Python ń tẹ̀ lé, kì í ṣe fáìlì. Bí o bá pe python owo.py, "__main__" ló máa kọ sínú sys.modules. Tí onibara bá wá kọ import owo, Python á tún ṣe kóòdù fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Class kan nínú rẹ̀ á di méjì, isinstance, tó ń sọ bóyá nǹkan jẹ́ ti class kan, á sì máa dáhùn False níbi tó yẹ kó ti jẹ́ True. Fi ìbẹ̀rẹ̀ ètò rẹ sínú fáìlì kékeré kan tí fáìlì mìíràn kò ní í pè wọlé.